Mo lè ya ojú, mi ò lè ya ara: ẹ̀yin ayàwòrán ilẹ̀ Òkun, ẹ wá gbà mí

Pẹ́ńsù_Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Kàbà ni mo wà, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní àwòrán. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó, pẹ́ńsù àti bébà A4 ni mo sì fi ń ṣe é nílé. Bí ẹ bá fún mi ní fọ́tò, tí mo fa gírììdì (àwọn ilà tó pín in sí àpótí kéékèèké) lé e lórí, ojú tí mo bá yà á jọ onítọ̀hún débi pé wọ́n ti ń sanwó fún mi. Ìyàwó ọ̀ṣìngín, bàbá tó ti di olóògbé, pásítọ̀ tó ń ṣọjọ́ ìbí, mo ti yà wọ́n.

Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹnì kan ní kí n ya òun àti ìyàwó òun lórí ìdúró, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Apá wọn gùn jù, ẹsẹ̀ wọn kúrú, àwọn méjèèjì sì dúró gan-an-ran bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n mọ eegun ara? Ohun mìíràn tún ni pé àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìhòòhò ni wọ́n máa ń yà, màmá mi ò sì fẹ́ rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀.

Tíṣà_Ìsánlú

Àbúrò, o káre. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ìbéèrè yìí ò sì ṣàjèjì sí mi. Ojú tí ò ń yà yẹn, gírììdì ló ń bá ọ wò ó. Àpótí kéékèèké ni ò ń kó láti orí fọ́tò sórí bébà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ayàwòrán ayé àtijọ́ lò ó láti fi gbé àwòrán kékeré sórí ògiri ńlá. Àmọ́ gírììdì ò lè sọ ibi tí ara wúwo sí fún ọ. Ènìyàn tó dúró, ó ń ṣiṣẹ́ kó má baà ṣubú ni, bí òun fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀. Ìwúwo yẹn ni kí o kọ́kọ́ máa wá.

Gba ibi tí wọ́n ti ń din gààrí lọ, kí o jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí èéfín ò ti ní bá ọ. Mo yan ibẹ̀ fún ọ torí pé ohun kan náà ni ẹni tó ń din gààrí ń ṣe léraléra: ó tẹ̀ síwájú, ó fa ọwọ́ padà, ó tún tẹ̀. Ohun tí ojú rẹ ò rí mú ní àkọ́kọ́, yóò tún padà wá. Ìṣẹ́jú kan fún àwòrán kan, kílínà ò gbọdọ̀ sí nítòsí. Jẹ́ kí ilà àkọ́kọ́ ti orí gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró, ilà kan ṣoṣo. Imú, ìka, bọ́tìnnì aṣọ, wọn ò tíì kàn ọ́. Lẹ́yìn ilà yẹn, fa ilà èjìká, kí o fa ilà ìbàdí.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Bí ènìyàn bá fi ara lé ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ, ìbàdí tó wà lókè ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yóò ga sókè, èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà yóò sì rọ̀ wálẹ̀. Ilà méjèèjì kì í wà ní ọgbọọgba. Lọ wo tọkọtaya tí o yà yẹn: mo lè fi owó ta á pé bí o ṣe fa èjìká náà lo fa ìbàdí, tí o sì pín ìwúwo sí ẹsẹ̀ méjèèjì ní déédéé. Ta ló ń dúró bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ṣójà lórí ìlà?

Wá òwú kan, so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn nídìí. Gbé e sókè síwájú ojú rẹ kí ó gba kòtò kékeré tó wà níwájú ọrùn ẹni tí ò ń yà kọjá. Bí gbogbo ara onítọ̀hún bá wà lórí ẹsẹ̀ kan, òwú yẹn yóò bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ṣe bákan náà lórí bébà. Bí òwú bá bọ́ sí ibi tí kò sí ẹsẹ̀, ẹni tí o yà ti ń ṣubú lọ.

Pẹ́ńsù tí ò ń lò náà lè wọn nǹkan. Na apá tán, má ká ìgúnpá, di ojú kan, fi ṣóńṣó pẹ́ńsù sí òkè orí ẹni tí ò ń wò, kí o fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi àgbọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n orí kan nìyẹn. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí o rí iye orí tó wà nínú gíga rẹ̀. Bí ìgúnpá bá ká, ìwọ̀n ti bàjẹ́, tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ sí ìbàdí, ya àlàfo tó wà láàárín apá àti ara, má ya apá rárá. Ojú rẹ kò mọ orúkọ àlàfo náà, kò ní lè purọ́ fún ọ nípa rẹ̀.

Ọlọ́wọ́_Mọ̀pà

Tíṣà, ẹ má bú gírììdì mọ́ wa lójú o! Gírììdì ló ń san owó dátà mi.

Tíṣà_Ìsánlú

Mi ò bú u, ẹ̀gbọ́n. Kó máa fi gírììdì pa owó lọ́sàn-án, kó máa fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ara. Àmọ́ kó má fi gírììdì ya ara ní ìrọ̀lẹ́ o.

Télọ̀_Ìyàrá

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ayàwòrán, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, àmọ́ mo rò pé téèpù ọrùn mi lè ràn yín lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ́ni ní àwòrán sọ pé orí àgbàlagbà, láti òkè àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, wọ inú gíga rẹ̀ ní ìgbà 7.5. Àwọn tó fẹ́ kí akọni wọn ga dáadáa máa ń lo 8. Mo ti dán an wò lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń béèrè ìdí tí ẹsẹ̀ fi kúrú, ó dá mi lójú pé ìgbànú lẹ fi ṣe àárín ara. Ìgbànú kọ́ ni àárín. Ìdajì gíga ènìyàn wà nísàlẹ̀ níbi tí itan méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi ìlà kan síbẹ̀ kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹsẹ̀ ò ní kúrú mọ́. Apá náà ní ibi tó ń dé: bí apá bá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìgúnpá máa ń bọ́ sí ibi tí a ti ń wọn háàfù lẹ́ńtì, ìyẹn ibi tí ara ti fún pọ̀ jù lókè ìbàdí, ọrùn ọwọ́ bọ́ sí ibi ìpàdé itan, orí ìka sì dé nǹkan bí àárín itan. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá kan orúnkún, aṣọ tí mo bá rán fún un á ṣe mí ní kàyéfì.

Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́: láti orí ìka kan dé èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga yín. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ojú: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní àgbọ̀n, orí ìka á dé òkè iwájú orí. Ọ̀pọ̀ ló ń ya ọwọ́ kékeré torí wọn ò gbé e bo ojú rí. Ẹsẹ̀ náà gùn ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá láti ibi tí ìgúnpá ti ń ká dé ọrùn ọwọ́.

Ní ti aṣọ, èyí wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Aṣọ kì í ká lásán. Ibì kan ló ń gbé e kọ́, ibì kan ló ń fà á. Agbádá, èjìká ló gbé e kọ́, gbogbo ìká rẹ̀ á máa ti èjìká já bọ́ sílẹ̀, títí tí olówó rẹ̀ fi máa gbé ọwọ́, tí ó sì di pé ọrùn ọwọ́ náà ń gbé e kọ́. Ìró, ibi tí wọ́n ti ká a mọ́ ìbàdí ni gbogbo ilà ń sáré lọ. Ṣòkòtò, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti ibi ìpàdé itan. Aṣọ òkè le, ìká rẹ̀ tóbi, ó sì ní igun. Léèsì tó fúyẹ́ á rọ̀ mọ́ ara. Ẹ kọ́kọ́ ya ara sínú aṣọ pẹ̀lú ilà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó wọ aṣọ fún un. Mo ti rí àwòrán tí agbádá rẹ̀ dára gan-an, àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

Kí ẹ sì má gbàgbé pé 7.5 yìí, òdiwọ̀n lásán ni. Ẹni kúkúrú wà, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ wà, ẹni tí ara rẹ̀ gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú náà wà. Bí gbogbo ènìyàn bá rí bákan náà, kí ni mò ń gba owó téèpù fún?

Pẹ́ńsù_Kàbà

Ẹ̀yin télọ̀, mo fi rúlà wọn àwòrán mi báyìí. Ìgbànú ni mo fi ṣe àárín lóòótọ́. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ eegun wá ń kọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Èmi ni kí n dá a lóhùn. Eegun 206 ló wà nínú àgbàlagbà, o ò nílò gbogbo wọn. Èyí tí o nílò ni àwọn tó sún mọ́ awọ, torí pé ènìyàn ìbáà sanra, ìbáà rù, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà. Bí mo bá fẹ́ fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́, àwọn ni mo fi ń mọ̀nà, ayàwòrán náà lè fi mọ̀nà.

Jókòó, kí o máa fọwọ́ kan ara rẹ bí o ṣe ń kà á. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ, bí o bá tẹrí ba, eegun kan yọ síta níbẹ̀: ibẹ̀ ni ọrùn parí sí, tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Wá síwájú: eegun méjì tó ti kòtò ọrùn lọ sí èjìká. Wọn ò tọ́ gbọọrọ, wọ́n wọ́ díẹ̀, bí o bá sì gbé apá sókè, ìpẹ̀kun wọn lọ́dọ̀ èjìká á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá tí a gbé sókè nínú ọ̀pọ̀ àwòrán fi dà bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, torí ayàwòrán fi èjìká sílẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká náà ń rìn, bá ẹnì kan gbé apá sókè kí o gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí i.

Ìbàdí báyìí. Eegun tí o fọwọ́ kàn níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìsàlẹ̀ ikùn, àwọn ni kí o fi fa ilà ìbàdí tí Tíṣà ń wí. Àmọ́ ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò sí níbẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi orí eegun itan. Tún yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ sókè, kí o yí i dojú bolẹ̀. Eegun méjì ló wà láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ìka kékeré dúró sójú kan, èyí tó wà lọ́dọ̀ àtàǹpàkò ló dábùú gba orí rẹ̀ kọjá. Apá ń yí bí okùn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí o bá yà á ní tààrà, yóò kú ni.

Ọrùn ẹsẹ̀ ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù: kókósẹ̀ inú ga ju ti òde lọ. Àwọn ayàwòrán máa ń fà wọ́n dọ́gba. Wo tìrẹ nínú dígí.

Ọ̀pá ẹ̀yìn náà kò tọ́. Lọ́rùn ó tẹ̀ síwájú, ní ẹ̀yìn àyà ó tẹ̀ sẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ó tún tẹ̀ síwájú. Bí o bá ń ya ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, èyí ni kí o kọ́kọ́ fà.

Ọmọ_Ògìdì

Ẹ̀kọ́ tó dára ni gbogbo èyí. Mo kàn fẹ́ kí á ṣọ́ra, ká má sọ 7.5 di òfin Mósè. Àwọn ère ìdúró Ifẹ̀ ìgbàanì, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà yẹn kan náà ló ṣe orí idẹ Ifẹ̀ tí ètè, ìpéǹpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé bí ti alààyè. Ta ló máa sọ pé wọn ò mọ ara wọ̀n? Wọ́n fún orí ní àyè tó tọ́ sí i ni. Bí àbúrò wa bá ya ọba tàbí àgbà ìlú, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí orí tóbi, èmi ò ní bá a jà.

Mo tún fẹ́ sọ fún un pé kò dá wà. Aina Onabolu, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, dá kọ́ ara rẹ̀ ni, àwòrán inú ìwé ló ń wò yà nígbà ọmọdé. Ó ti ń ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Lágbègbè tiwa níbí, Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní 1951, inú ilé ló ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wà ní Ògìdì. Ọ̀nà rẹ̀ ò jìn sí Kàbà, lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe wà nínú àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Orí ọmọ tuntun náà tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ o. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wo ère Ifẹ̀ kó pè é ní ọmọ tuntun, torí àyà, ọrùn àti ìdúró rẹ̀, ti àgbà ni. Nítorí náà bí ẹ bá ń ya ọmọdé, ẹ má kàn ya àgbà kí ẹ wá sọ ọ́ di kékeré. Ọmọ ọdún kan tó nǹkan bí orí mẹ́rin, ọmọ tó ń lọ sí pírámárì tó márùn-ún sí mẹ́fà.

Tíṣà_Ìsánlú

Ọmọ_Ògìdì, mo gbà fún ọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kó jẹ́ pé òun ló yan orí ńlá, kó má jẹ́ pé orí ńlá ló yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Onífọ́tò_Lọ́kọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní yéé lò ó. Bí ẹ bá gbé fóònù sún mọ́ ènìyàn láti ya á, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, orí á tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Fóònù ò purọ́. Ibi tí ẹ dúró sí ló fà á. Ẹ sún sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ bíi márùn-ún mẹ́fà, kí ẹ wá fi fóònù fa àwòrán súnmọ́ ara. Ẹ gbé fóònù sí déédéé ikùn ẹni náà bí ẹ bá fẹ́ ya gbogbo ara rẹ̀. Kí ẹ sì pa nǹkan inú fóònù tó ń mú ara jọ̀lọ̀ tó sì ń mú awọ mọ́lẹ̀ yẹn. Ó ń gbọn òjìji nù, òjìji sì ni ohun tí ẹ fẹ́ yà.

Ní ti awọ dúdú: ọ̀pọ̀ ń fi pẹ́ńsù kun gbogbo rẹ̀ títí tó fi dúdú bákan náà, wọ́n á wá máa rò pé àwòrán ti parí. Awọ wa máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ní iwájú orí, ní ẹ̀gùn imú, ní orí èjìká, á mọ́lẹ̀ gan-an, á sì ní etí tó mú. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ láìkàn. Kí ẹ ní kí ẹni náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí iná bá lọ (kò ní pẹ́), kí ẹ gbé fìtílà kan sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ kan, òjìji kan. Fìtílà méjì á da gbogbo nǹkan rú.

Mo ní bébà tí mo fẹ́ràn ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ: bébà inú àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ gba àpò bébà lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa níta pẹ̀lú ìbòmú, ẹ bọ́ ìpele inú tó mọ́. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ní yẹn ti jẹ́ àárín-méjì (kò dúdú, kò sì funfun) fún yín tẹ́lẹ̀. Èédú ni ẹ ó fi mú òjìji wá, ṣọ́ọ̀kì funfun ni ẹ ó fi mú ìmọ́lẹ̀ wá. Ìdajì iṣẹ́ ti parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́wọ́_Mọ̀pà

Èédú náà, ẹ má ra á. Ẹ wá ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ tò ó sínú agolo mílíìkì, ẹ dé e pa, kí ẹ fi ìṣó lu ihò kékeré kan sí ìdérí. Ẹ gbé e sínú iná. Èéfín á máa jáde níbi ihò. Bí èéfín bá dá, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gbiná mọ́ yín lójú. Búrẹ́dì tútù tí ẹ bá rún ní ọwọ́ á pa èédú rẹ́ ju kílínà lọ.

Ìyá_Òfì

Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ mi ló ń kà á fún mi, òun ló sì ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Àwa tí a ń hun aṣọ ní Bùnú, àwọn ọmọ aláwòrán máa ń wá sọ́dọ̀ wa, mo sì ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó ya á. Ẹlòmíràn á dúró lẹ́yìn igi, á máa wò mí, á máa kọ nǹkan. Kí ni kí n rò? Ìgbà yìí tí a kì í sùn dáadáa torí àwọn ajínigbé, ẹni tó bá ń wò mí tó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé, màá pe àwọn ọ̀dọ́ ìlú sí i. Bó bá sún mọ́ mi, tó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ya yín bí ẹ ṣe ń hun aṣọ," màá ní kó jókòó. Kó wá fi àwòrán náà hàn mí bó bá tán. Tó bá di ti egúngún, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó yọ pẹ́ńsù. Ọ̀nà oko náà, ẹ má dá lọ jókòó síbẹ̀ ní tìtorí àwòrán.

Ohun tí mo rí nínú àwòrán wọn rèé: wọ́n ya òfì, wọ́n ya mí, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan òfì. Ọwọ́ mi kàn ń fò lójú ọ̀run. Ẹni tó ń hun aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ gbá òwú wọlé, ẹ̀yìn mi á tẹ̀, ẹsẹ̀ mi á ti ilẹ̀, kí ọwọ́ tó lọ. Bí wọ́n bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á mọ ibi tó ń lọ.

Tíṣà_Ìsánlú

Ohun tí mo fi ìpínrọ̀ gígùn wá sọ lókè nìyẹn, mọ́mì sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì.

Ọmọ_Ìjùmú

Lórí ọ̀rọ̀ ìhòòhò: má bá màmá rẹ jà. Àwọn tó ń kọ́ni fẹ́ kí o rí bí ara ṣe so mọ́ ara ni. Kí o rí i, o ò nílò ìhòòhò. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, àwọn tó ń da kọ́ńkéré láìwọ ẹ̀wù, àwọn tó ń gbé àpò kajú sínú ọkọ̀ nígbà ìkórè rẹ̀, gbogbo iṣan èjìká àti ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀. Bí o bá sì ti wà ní yàrá rẹ, dígí wà. Fi síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé dúró síwájú rẹ̀. Ìwọ ni ẹni tó rọrùn jù láti rí, o ò gba owó, o kì í pẹ́ dé. Àǹfààní mìíràn ni pé bí o bá fi ara lé ẹsẹ̀ kan, wàá mọ ibi tó ti ń ro ọ́, èyí tí fọ́tò kankan ò lè sọ fún ọ.

Àwọn ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ènìyàn tó wọṣọ jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ìṣẹ́jú kan, tàbí méjì, tí á sì pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ òjò. Bí dátà bá wọ́n, fọ́tò bọ́ọ̀lù inú ìwé ìròyìn ń ṣiṣẹ́ kan náà.

Pẹ́ńsù_Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń din gààrí ní àdúgbò wa. Ilà kan ṣoṣo yẹn le o! Ọwọ́ mi fẹ́ lọ sí ojú ṣáá. Àmọ́ àwọn tó yọ nínú wọn ń tẹ̀ lóòótọ́, àwọn obìnrin náà sì dá ara wọn mọ̀ láìsí ojú. Ó kù ọwọ́. Ìka márùn-ún yìí ń kó mi láyà jẹ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Má ka ìka márùn-ún. Ya àtẹ́lẹwọ́ ní àpótí pẹlẹbẹ kan tó nípọn, kí o ya àtàǹpàkò lọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, torí ibi tirẹ̀ ló ti ń mira, kò dojú kọ ibi tí àwọn yòókù dojú kọ. Ìka mẹ́rin tó kù, kó wọn pọ̀ bí ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ná. Lẹ́yìn náà ni kí o pín wọn. Orí oríkèé wọn kò wà lórí ìlà tààrà, ó tẹ̀ kọrọdọ, ìka àárín ló ga jù. Bí o bá wò ó láti ẹ̀yìn ọwọ́, ìka gùn. Láti inú àtẹ́lẹwọ́, ó kúrú díẹ̀, torí awọ tó wà láàárín ìka gòkè jù níbẹ̀. Wo tìrẹ wò.

Télọ̀_Ìyàrá

Bí ọwọ́ bá sì ń di nǹkan mú, ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan náà, sísọ́ọ̀sì, ọkọ́, fóònù, kí ẹ tó ya ọwọ́ yí i ká. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbà láti jókòó fún àbúrò wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n ń ranṣọ, wọn ò ní gbéra. Omi tútù lásán ni kó gbé wá.

Ìyá_Òfì

Bó bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, kó mú bébà sìmẹ́ńtì náà wá. Èédú wà lábẹ́ ààrò mi. Àmọ́ ẹ sọ fún un kó ya mí bí mo ṣe rí, kó má sọ mí di ìyá àgbà o. Ọmọ mi sọ pé 7.5 ni orí mi, mo ti ní kó tún un kà.